Ernst Reuter: Ẹni tó fẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo gbé èèyàn yí ìlú Berlin ká, títí dé pápákọ̀ òfurufú

Dídé ìlú yàtọ̀ sí dídé ilé. Ẹni tí bàálù já sílẹ̀ ní pápákọ̀ ti dé ìlú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá rí ohun tí yóò gbé e wọ ìgboro, ẹnu ibodè ló ṣì wà. Ilẹ̀ gbalasa ni pápákọ̀ òfurufú ń fẹ́, ilẹ̀ gbalasa kì í sì í wọ́pọ̀ láàárín ìlú, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn odi ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ọ sí. Lónìí, àwọn aláṣẹ ìlú ńláńlá káàkiri àgbáyé ń na owó gọbọi láti fi ojú irin so pápákọ̀ mọ́ ìgboro. Ìlú tó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé ẹnu pápákọ̀ òfurufú ni Berlin, olú-ìlú Jámánì, ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1927. Ernst Reuter ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgboro wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọdún kọkànlélógún sí i, tí ebi àti òkùnkùn fẹ́ pa ìlú náà, pápákọ̀ yìí kan náà wà lára ohun tó gbà á sílẹ̀, Reuter yìí kan náà ni àwọn èèyàn sì ń wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1889 ni wọ́n bí Reuter ní Apenrade. Abẹ́ ìjọba Jámánì ni ìlú kékeré náà wà nígbà náà. Ilẹ̀ Denmark ló wà lónìí, Aabenraa sì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá nínú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀, kó tó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀. Ìlú Leer ni ọmọ náà dàgbà sí, ó sì lọ sí yunifásítì ní Marburg àti Munich. Ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún ọba ni ilé wọn, nítorí náà, nígbà tí Reuter wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Social Democrat, ìyẹn SPD, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ní ọdún 1912, ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn òbí rẹ̀. Kò yí ohùn padà.

Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, wọ́n mú un wọṣẹ́ ológun. Ní ọdún 1916, ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà sì tẹ̀ ẹ́. Nínú ìgbèkùn yìí ló ti kọ́ èdè Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn tí àwọn Kọ́múníìsì gba ìjọba ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1917, ẹlẹ́wọ̀n tó gbọ́ èdè méjèèjì yìí wúlò fún wọn. Ní ọdún 1918, ìjọba Lenin fi í ṣe aṣojú rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Jámánì tí wọ́n ti tẹ̀dó sí ẹ̀bá odò Volga láti ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tó padà sí Jámánì, inú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ló wà, ó sì gòkè nínú rẹ̀ títí ó fi di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rí i pé àṣẹ láti Moscow ni ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tó lè ṣe òṣìṣẹ́ Jámánì láǹfààní. Ó sọ ọ́ síta, wọ́n sì lé e jáde ní ọdún 1922. Ó padà sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá ti jẹun nínú ìkòkò kan ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí Reuter rí láàárín àwọn Kọ́múníìsì yóò wúlò fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Berlin ìgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ńlá ni. Ní ọdún 1920, òfin kan da ìlú mẹ́jọ, abúlé 59 àti ilẹ̀ oko ńláńlá 27 pọ̀ di ìlú kan ṣoṣo, àwọn olùgbé rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Òfin lè so ilẹ̀ pọ̀ lórí ìwé ní ọjọ́ kan. Kò lè so ìrìn ẹsẹ̀ àwọn èèyàn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ojú irin ojú títì, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ni bọ́ọ̀sì, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní ìpẹ̀kun ìlú, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ìpẹ̀kun kejì, ń san owó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbàkígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀kan láti wọ òmíràn.

Ìṣòro yìí ni Reuter bá pàdé nígbà tí wọ́n yàn án sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Berlin ní ọdún 1926, tí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ ìrìnnà lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹnjiníà, òṣèlú ni. Ojú òṣèlú náà ló sì fi wo iṣẹ́ náà. Lójú tirẹ̀, ẹ̀tọ́ ará ìlú ni ọkọ̀, bíi ti omi àti iná. Tálákà tó lè rìn káàkiri ìlú lè gbé níbi tí ilé ti tutù, tí afẹ́fẹ́ ti dára, kó sì rí iṣẹ́ ṣe níbi tí iṣẹ́ wà. Ẹni tí kò lè rìn, àdúgbò rẹ̀ ni ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ní ọdún 1927, Berlin bẹ̀rẹ̀ sí í lo owó ọkọ̀ kan ṣoṣo, pfennig 20, tí èèyàn lè fi bọ́ láti inú ọkọ̀ kan sínú òmíràn láìtún san owó.

Ọdún yìí kan náà ni ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé pápákọ̀ òfurufú. Pápá Tempelhof, níhà gúúsù ìlú, jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ogun ọba ti máa ń ṣe ìyíde ní ayé àtijọ́. Ibẹ̀ ni Orville Wright ti wá fi ọkọ̀ òfurufú hàn wọ́n ní ọdún 1909. Leonhard Adler, ẹnjiníà tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ló jà fitafita pé kí wọ́n má ṣe kọ́ ilé gba orí pápá náà tán, kí wọ́n fi ṣe pápákọ̀ òfurufú, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1923. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1926, ilé-iṣẹ́ Luft Hansa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti ibẹ̀.

Ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó gba àárín ìlú láti àríwá sí gúúsù ti ń bọ̀ níhà ibẹ̀ kó tó di pé Reuter dé ipò. Ní oṣù Kejì, ọdún 1926, ó ti dé ibùdókọ̀ Kreuzberg, ní igun pápá náà. Wọ́n lè dúró níbẹ̀, kí wọ́n ní bọ́ọ̀sì ni yóò parí ìyókù, torí pé àwọn tó ń wọ bàálù nígbà náà kò pọ̀, àwọn olówó ni. Wọn kò dúró. Wọ́n wa ihò náà síwájú sí i lábẹ́ títì ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá náà kọjá, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ tuntun tí Alfred Grenander, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ya àwòrán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùdókọ̀ Berlin, yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Flughafen, ìyẹn Pápákọ̀ Òfurufú. Láti ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1927, ẹni tí bàálù já sílẹ̀ ní Tempelhof lè fẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀bá títì, kó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ, kó sì fi tíkẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ń lò dé àárín gbùngbùn Berlin, láìka sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí títì sí.

Èyí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò ya ọkọ̀ àrà ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò, wọn kò sì bu owó gegere lé e. Ọ̀nà kan náà tó ń gbé alágbàfọ̀ àti akọ̀wé ló gbé ẹni tó ti Paris tàbí London dé. Pápákọ̀ di ara ìlú, bí ọjà àti ilé-ìwòsàn ṣe jẹ́ ara ìlú. Nígbà tó sì di ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, ọdún 1929, ojú irin náà tún gùn síwájú, ó dé ibi tó ti pàdé ojú irin ńlá tó yí Berlin po, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń gbé ní ìhà èyíkéyìí lè dé pápákọ̀ láìkọ́kọ́ gba àárín ìlú.

Àléébù kan wà níbẹ̀. Ibi tí ibùdókọ̀ wà àti ibi tí ilé àwọn èrò bàálù wà kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ara wọn. Nígbà tí ìjọba Násì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé pápákọ̀ tuntun tó gbòòrò rẹpẹtẹ ní ọdún 1936, igun Kreuzberg ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí. Ní ọdún 1937, wọ́n gba orúkọ Flughafen lọ́wọ́ ibùdókọ̀ tí wọ́n kọ́ nítorí pápákọ̀, wọ́n gbé e fún ibùdókọ̀ Kreuzberg, wọ́n sì sọ ti àkọ́kọ́ di Paradestraße, orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ so ojú irin mọ́ pápákọ̀: ibi tí ilẹ̀kùn ilé àwọn èrò bá ṣí sí ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ lásán ni ibùdókọ̀ náà ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n Reuter kò sí ní Berlin mọ́ nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ yìí. Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn níbẹ̀ ló tóbi jù. Ní ọjọ́ kìíní, ọdún 1929, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú títì, ti bọ́ọ̀sì àti ti abẹ́ ilẹ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, BVG, tó jẹ́ ti ìlú, tó sì wà lára ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgboro tó tóbi jù láyé. Nígbà tó di ọdún 1930, ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tuntun ti dé Gesundbrunnen àti Friedrichsfelde. Ní ọdún 1931, wọ́n yàn án ṣe méyọ̀ ìlú Magdeburg.

Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀ kí Hitler tó gba ìjọba. Wọ́n lé Reuter kúrò nípò ní ọdún 1933, wọ́n sì jù ú sí àgọ́ ìfìyàjẹni ní Lichtenburg. Wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n tún padà mú un. Nígbà tó rí ìdáǹdè lẹ́ẹ̀kejì, ó sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1935, láti ibẹ̀ ló sì ti kọjá sí ilẹ̀ Tọ́kì. Ọdún mọ́kànlá ló lò ní Ankara. Ó gba ìjọba Tọ́kì nímọ̀ràn lórí owó ọkọ̀ àti ìrìnnà, ó kọ́ èdè wọn débi pé ó ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣàkóso ìlú, ó sì fi kọ ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn tí wọ́n jọ sá kúrò ní Jámánì fi ibi tí wọ́n bá ara wọn ṣe ilé. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ló ń wò.

Oṣù Kọkànlá, ọdún 1946 ló padà dé Berlin. Òkìtì àlàpà ló bá. Omi ti wọ inú àwọn ihò ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní òpin ogun, àwọn tó ṣẹ́gun sì ti pín ìlú sí mẹ́rin: Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà. Wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ padà fún un, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú ti iná àti omi. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 1947, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú dìbò yàn án ṣe méyọ̀. Rọ́ṣíà kọ̀ jálẹ̀. Wọn kò gbàgbé ẹni tó ti jẹ́ tiwọn rí, tó sì kẹ̀yìn sí wọn. Louise Schroeder ló dele dè é.

Nígbà tó pé ọdún kan géérégé, ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 1948, Rọ́ṣíà sàga ti ìhà ìwọ̀-oòrùn Berlin. Owó tuntun tí àwọn mẹ́ta yòókù gbé jáde ló bí wọn nínú. Wọ́n dí ojú irin, wọ́n dí títì, wọ́n dí ipa odò, wọ́n sì gé iná tó ń wá láti ìhà ìlà-oòrùn. Èèyàn bíi mílíọ̀nù méjì ló wà nínú àhámọ́ yìí. Oúnjẹ tó wà nílẹ̀ kò ju ti ọjọ́ 36 lọ, èédú kò sì ju ti ọjọ́ 45 lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọn kò lè dí láìjẹ́ pé ogun bẹ́ ni ojú ọ̀run, torí pé àdéhùn ọ̀nà òfurufú mẹ́ta wà nínú ìwé láti ọdún 1945.

Ọ̀gágun Lucius Clay, tó jẹ́ olórí àwọn ará Amẹ́ríkà ní Jámánì, fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará Berlin lè fara da ìyà tó ń bọ̀. Reuter fi yé e pé kó ṣe tirẹ̀, àwọn ará ìlú yóò ṣe tiwọn. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, àwọn bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ dé Tempelhof. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń balẹ̀ sí Gatow, wọ́n sì kọ́ pápákọ̀ kẹta sí Tegel láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́ ọ sì jẹ́ obìnrin Berlin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ru àlàpà.

Ibí ni nǹkan ti dojú rú fún ẹni tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀. Ní ọdún 1927, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n gbé lọ sìn pápákọ̀. Ní ọdún 1948, pápákọ̀ ló ń bọ́ ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kì í rìn láìsí iná mànàmáná, iná kò sí láìsí èédú, èédú kò sì níbi tó lè gbà wọlé bí kò ṣe inú bàálù. Èédú ló pọ̀ jù nínú gbogbo ẹrù tí wọ́n kó. Wọ́n dín wákàtí ìrìn ọkọ̀ kù, wákàtí díẹ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan sì ń rí iná lójúmọ́, ṣùgbọ́n ìlú kò dá iṣẹ́ dúró. Kí Berlin má baà gbára lé iná ẹlòmíràn mọ́, wọ́n fi bàálù kó ẹ̀rọ ńláńlá wá láti tún ilé-iṣẹ́ iná kan kọ́, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Reuter lónìí.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1948, èèyàn tó lé ní 300,000 péjọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àtijọ́ tí ogun ti fọ́. Reuter bọ́ síwájú wọn pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ àti fìlà dúdú tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ó bẹ gbogbo orílẹ̀-èdè ayé pé kí wọ́n bojú wo ìlú náà, kí wọ́n má sì ta á lọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kárí ayé. Ní oṣù Kejìlá, ìhà ìwọ̀-oòrùn dìbò, ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ìdá 64.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, Reuter sì di méyọ̀ ní ọjọ́ 7, oṣù náà. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1949, bàálù 1,398 balẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹrù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 13,000. Ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, Rọ́ṣíà ṣí ọ̀nà. Ẹrù tí wọ́n ti kó nígbà tí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní òpin oṣù Kẹsàn-án jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún. Ó gba ẹ̀mí: ọmọ Amẹ́ríkà 31 àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì 39, pẹ̀lú àwọn ọmọ Jámánì, ló bá iṣẹ́ náà lọ.

Ìlú là, ṣùgbọ́n kò wà ní ọ̀kan mọ́. BVG tí Reuter fi ọwọ́ ara rẹ̀ so pọ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe tí wọ́n gé e sí méjì ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1949. Ó ń ṣàkóso ìdajì Berlin títí di ọjọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1953, tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ẹni ọdún 64 ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, láìjẹ́ pé ẹnì kan pàṣẹ, àwọn ará ìlú gbé àbẹ́là sójú fèrèsé wọn. Iná tó tiraka kó má kú lójú wọn ni wọ́n fi sìn ín.

Ó di oṣù Kìíní, ọdún 1992 kí BVG tó padà di ọ̀kan. Pápákọ̀ Tempelhof kógbá wọlé ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, ọdún 2008. Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ níbi tí bàálù ti ń balẹ̀ rí. Tegel tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lò títí di oṣù Kọkànlá, ọdún 2020 láìrí ojú irin kankan: wọ́n ṣètò ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ fún un, wọn kò ṣe é, bọ́ọ̀sì ló ń kó èrò, nínú ìlú tó kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han ayé. Pápákọ̀ tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2020 kò tún àṣìṣe náà ṣe. Abẹ́ ilé àwọn èrò gan-an ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin sí. Nítorí pé ìṣílé pápákọ̀ náà pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń rán ọkọ̀ òfìfo gba inú ihò náà kọjá kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ má baà bàjẹ́. Ojú irin ti dé, ó ń dúró de bàálù.

Lábẹ́ títì ní Tempelhof, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ṣì ń dúró ní Paradestraße lójoojúmọ́. Kò sí arìnrìn-àjò òfurufú nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti àwọn tó ń padà sílé ló kún inú rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n mú dání sì lè gbé wọn wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú títì káàkiri Berlin.